Ìwẹ̀ ìró nínú ilé: abọ́ idẹ kan, ẹní kan, 40 ìṣẹ́jú

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo lọ síbi ìwẹ̀ ìró (sound bath, níbi téèyàn ti ń dùbúlẹ̀ gbọ́ ìró abọ́ idẹ), oorun ló gbé mi lọ. Gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ kan ni, ní gúúsù London, a tó bí ogún tá a tẹ́ ẹní sílẹ̀. Iṣẹ́ alẹ́ ni mo ti ṣe mọ́jú ọjọ́ náà. Obìnrin tó ń lu abọ́ ò tíì lù ú tó ẹ̀ẹ̀marùn-ún tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun. Ẹni tó dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ló sọ fún mi nígbà tá a ń ká ẹní. Ojú tì mí. Àmọ́ nígbà tí mo dé ibùdókọ̀, mo yí ọrùn mi, ọrùn tó ti gan láti ọjọ́ mélòó kan, ó sì yí wẹ́rẹ́.

Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń ṣe é nínú ilé, nítorí owó tí wọ́n ń gbà fún wákàtí kan níbẹ̀, owó ọjà ọ̀sẹ̀ kan ni lọ́dọ̀ tèmi. Bí mo ṣe ń ṣe é ni mo fẹ́ kọ síbí, pẹ̀lú àwọn àṣìṣe tí mo ti ṣe, kí ẹ̀yin má bàa tún un ṣe.

Orúkọ yẹn lè ṣi èèyàn lọ́nà. Omi kankan ò sí níbẹ̀, ẹ ò nílò ọṣẹ tàbí kàn-ìn-kàn-ìn. Ẹ ó dùbúlẹ̀ tẹ̀yin taṣọ, ẹ ó dijú, ẹnì kan á máa lu abọ́ idẹ tàbí gong (àwo idẹ ńlá tí wọ́n ń gbé kọ́) tàbí agogo wẹ́wẹ́, ẹ ó sì máa gbọ́. Iṣẹ́ yín ò ju kí ẹ gbọ́ lọ. Ọ̀dọ̀ àwọn alágbẹ̀dẹ Nepal àti àríwá India ni irú abọ́ yìí ti wá, ṣùgbọ́n kí èèyàn dùbúlẹ̀ kí wọ́n máa lù ú fún un kí ara rẹ̀ lè balẹ̀, àṣà tuntun nìyẹn. Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ló ti gbilẹ̀, láti àwọn ọdún 1970 wá. Ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Peter Hess wà lára àwọn tó sọ ọ́ di iṣẹ́ ní àwọn ọdún 1980. Ẹni tó bá sọ fún yín pé àṣírí ẹgbẹ̀rún ọdún ni, ọjà ló ń tà.

Ìbéèrè tí wọ́n máa kọ́kọ́ bi yín nílé

Màmá mi wá lo oṣù mẹ́ta lọ́dọ̀ wa. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n wọlé bá mi lórí ẹní, abọ́ idẹ ń dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo dijú. Wọ́n dúró sẹ́nu ọ̀nà.

“Ìwọ ọmọ yìí, ẹgbẹ́ wo lo wọ̀?”

“Ẹgbẹ́ kọ́ mà. Mò ń sinmi ni.”

“Ìsinmi wo ló ní agogo nínú?”

Ìbéèrè wọn ò burú. Àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ń lo irú abọ́ bẹ́ẹ̀ nínú ìjọsìn wọn, ní Jàpáánì fún àpẹẹrẹ. Àmọ́ ìyẹn ò sọ gbogbo abọ́ idẹ di ti ẹ̀sìn, bí agogo ṣọ́ọ̀ṣì ò ṣe sọ agogo ilé-ìwé di ti ìjọ. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni kí ẹ ṣọ́. Àwọn kan tó ń darí ìwẹ̀ ìró a máa kọ orin ẹ̀sìn mọ́ ọn, wọ́n a sì máa pe àwọn ẹ̀mí. Ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó. Nínú ilé yín, ẹ̀yin lẹ ni ọ̀rọ̀: èmi a máa ka Sáàmù kan nínú ọkàn kí n tó dùbúlẹ̀, ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ Mùsùlùmí, ẹ̀yìn ìrun Ìṣáì ló máa ń ṣe tiẹ̀.

Ohun tó ń ṣe, àti ẹni tó yẹ kó ṣọ́ra

Ní 2016, Tamara Goldsby àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì California, San Diego, gbé ìwádìí kan jáde lórí èèyàn 62 tó ṣe ìwẹ̀ ìró. Ìdààmú ọkàn wọn, ìbínú wọn, àárẹ̀ àti ìrẹ̀wẹ̀sì wọn, gbogbo rẹ̀ ló dín kù lẹ́yìn tí wọ́n dìde. Ó dùn ún gbọ́. Ṣùgbọ́n kò sí ẹgbẹ́ mìíràn tí wọ́n ní kó kàn dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́ láìsí abọ́, kí wọ́n lè fi méjèèjì wéra. Kí èèyàn dùbúlẹ̀ fún wákàtí kan láìsí fóònù, láìsí ẹni tó ń pe orúkọ rẹ̀, ìyẹn nìkan náà ń tu ara. Abọ́ ń ràn án lọ́wọ́ ni, ó ń fún etí ní nǹkan tó máa dì mú kí ọkàn má bàa máa sá kiri.

Torí náà, ẹni tó bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, kó máa lò ó lọ. Ẹni tó bá ń ta ohùn 528 Hz (ohùn tó ń gbọ̀n nígbà 528 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan) fún yín pé ó ń tún sẹ́ẹ̀lì ara ṣe, ẹ kí i, ẹ sì kọjá.

Ẹni tó ní wárápá, ẹni tí dókítà fi ẹ̀rọ sí láyà láti máa darí bí ọkàn ṣe ń lù, aboyún, pàápàá ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣubú tó fi orí gbálẹ̀, ẹni tí etí rẹ̀ máa ń hó: kí wọ́n bá dókítà wọn sọ̀rọ̀ ná, kí wọ́n má sì gbé abọ́ lé ara rárá. Ẹni tí ojú rẹ̀ ti rí nǹkan, tó jẹ́ pé tó bá dijú báyìí ni àyà rẹ̀ á máa já, kó jókòó, kó la ojú rẹ̀, kó sì jẹ́ ẹni tó fọkàn tán ló máa lu abọ́ fún un.

Bí ẹ ṣe máa mọ abọ́ tó dára

Ibí ni mo ti náwó dànù jù. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo ti ra èyí àkọ́kọ́. Àwòrán rẹ̀ dára, wọ́n fín oríṣiríṣi nǹkan sí i lára. Nígbà tó dé, mo lù ú: kéń, ó parí. Ìkòkò ọbẹ̀ mi ń dún jù ú lọ. Òun ni mo fi ń kó kọ́kọ́rọ́ sí báyìí.

Tẹ́ ẹ bá lè fojú rí i kí ẹ tó rà á, ẹ ṣe báyìí. Ẹ tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ òsì yín pẹrẹsẹ, bí ìgbà tẹ́ ẹ gbé àwo oúnjẹ fún àlejò, kí ẹ gbé abọ́ náà lé e, kí ìka kankan má kan ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ mú kọ̀ǹgọ́ tí wọ́n fi aṣọ onírun wé lórí, kì í ṣe èyí tó jẹ́ igi lásán. Ẹ lù ú lẹ́ẹ̀kan péré lẹ́gbẹ̀ẹ́, níbi tó sún mọ́ àárín, kí ẹ wá máa kà. Tí ìró náà bá kú kí ẹ tó ka 20 ìṣẹ́jú-àáyá, ẹ dá a padà sórí àtẹ. Èyí tí mo ń lò báyìí máa ń ju 60 lọ. Ẹ tún fetí sí i bóyá ohun kan ń ṣe ṣẹ̀ẹ̀-ṣẹ̀ẹ̀ nínú ìró rẹ̀. Abọ́ tó bá ti sán ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ni, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á gba ohùn abọ́ yẹn gan-an sílẹ̀ ránṣẹ́ sí yín, kì í ṣe ti ẹgbẹ́ rẹ̀. Tó bá kọ̀, ẹ mọ ìdí.

Ní ti bó ṣe tóbi tó, abọ́ tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó 18 sí 22 sẹ̀ǹtímítà, tó wọ̀n tó nǹkan bíi kílò kan, ti tó fún yàrá ilé. Kéékèèké máa ń han jù, etí nìkan ló mọ̀ ọ́n. Èyí tó tóbi díẹ̀, ẹ ó mọ̀ ọ́n láyà. Àwọn ọlọ́jà a máa sọ pé irin méje ló wà nínú rẹ̀, pé wúrà àti fàdákà wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ti yẹ̀ wò, bàbà tí wọ́n pò mọ́ tin ni, bàbà tó bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún. Irú rẹ̀ náà ni wọ́n fi ń rọ agogo ṣọ́ọ̀ṣì. Kí ẹ má sanwó wúrà.

Tẹ́ ẹ bá fara balẹ̀, ẹ ó gbọ́ pé ìró náà kì í dúró lójú kan. Ó ń ṣe wọ̀ọ̀, wọ̀ọ̀, wọ̀ọ̀, bí ẹni tó ń sún mọ́ yín tó tún ń jìnnà. Òòlù ni wọ́n fi rọ abọ́ yẹn, kò rí roboto tán, nítorí náà ohùn méjì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bára mu ló ń jáde lára rẹ̀ pa pọ̀. Bí ọ̀kan bá ń gbọ̀n nígbà 200 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, tí èkejì ń gbọ̀n nígbà 203, ìgbì mẹ́ta lẹ ó gbọ́ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá yẹn. Ìgbì yìí ni mo máa ń wá tí mo bá fẹ́ ra abọ́. Èyí tó lọ́ra ló ń mú oorun wá. Èyí tó ń yára máa ń mú mi kanra.

Abọ́ funfun tó dà bíi gíláàsì náà wà, tí wọ́n fi òkúta kúọ́ọ̀tì ṣe. Ìkòkò tí àwọn iléeṣẹ́ ń lò láti fi yọ́ ohun tí wọ́n ń fi ṣe ọpọlọ kọ̀ǹpútà ni wọ́n kọ́kọ́ ń lù. Ohùn rẹ̀ mú jù fún yàrá kékeré, lójú tèmi.

Tí owó abọ́ ò bá sí, ẹ lo ẹnu yín. Ẹ pa á dé, ẹ fa èémí símú, ẹ wá máa kùn bí oyin títí èémí yẹn fi tán. Ní 2002, Eddie Weitzberg àti Jon Lundberg ní Sweden rí i pé afẹ́fẹ́ kan tó ń jẹ́ nitric oxide, tó ń ti imú jáde nígbà tí èèyàn bá ń kùn báyìí máa ń pọ̀ ní ìlọ́po 15 ju ti ìgbà tó bá ń mí lásán. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú rẹ̀ rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ: kò sí bí ẹ ṣe máa kùn tí èémí yín ò ní gùn. Ìró abọ́ tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ náà wúlò, kí ẹ ṣáà gbé sípíkà sí ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀, kí ẹ sì wa fáìlì náà sórí fóònù ṣáájú. Èmi ò ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan, ìpolówó tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù ló jí mi.

Ṣíṣe é

1. Ẹ wá àkókò. Ìró yìí ní ìrù gígùn, ìrù yẹn ló ń ṣiṣẹ́, ariwo kékeré sì lè gé e. Nígbà tí mo lọ sílé ní Ìbàdàn, mo gbìyànjú rẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò gbé gbogbo rẹ̀ mì. Ìdájí ni mo wá ń ṣe é, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti pe ìrun Àsùbáà tán, kí ọkọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í fọn fèrè. Ẹ jẹ́ kó tó wákàtí méjì lẹ́yìn oúnjẹ tó wúwo; iyán àti ìwẹ̀ ìró ò bára rìn.

2. Ẹ tẹ́ ẹní tàbí bùláńkẹ́ẹ̀tì méjì sílẹ̀. Ìrọ̀rí kan sórí, òmíràn sábẹ́ orúnkún, pàápàá tí ẹ̀yìn bá ń dun ẹni náà. Ẹ fi aṣọ bò ó, kódà tí ooru bá mú, torí ara máa ń tutù téèyàn bá dùbúlẹ̀ pẹ́. Aboyún tí dókítà bá fún láyè, kó fi ẹ̀gbẹ́ òsì lélẹ̀. Gbogbo fóònù, ẹ pa á.

3. Ẹ gbé abọ́ lé òṣùká. Mo ti ra tìmùtìmù pupa tí wọ́n ń tà pẹ̀lú rẹ̀. Òṣùká tí màmá mi ká láti ara ìró àǹkárá tó ti gbó dára jù ú lọ: ibi tó fara kan ìdí abọ́ kéré, kò pa ìró. Ẹ gbé e síwájú ẹsẹ̀ ẹni tó dùbúlẹ̀, tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbàdí rẹ̀. Ẹ má gbé e sétí rẹ̀. Abọ́ kan ò lè ṣe etí ní nǹkan níbi tó jìnnà dé, àmọ́ gong kì í ṣe ẹgbẹ́ rẹ̀. Àjọ NIOSH, tó ń ṣèwádìí lórí ààbò àwọn òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ní kí èèyàn má gbọ́ ìró tó bá wà ní 85 dẹ́síbẹ́ẹ̀lì (òdiwọ̀n bí ìró ṣe le tó) ju wákàtí 8 lọ lójúmọ́; bó bá ṣe ń fi 3 lé, àkókò yẹn ń pín sí méjì, tó fi jẹ́ pé tó bá dé 100, ìṣẹ́jú 15 ló kù. Gong tí wọ́n bá lù dáadáa lè kọjá 100. Tẹ́ ẹ bá lọ síbi tí wọ́n ti ń lù ú, ẹ tẹ́ ẹní yín sọ́nà ẹ̀yìn.

4. Ìṣẹ́jú 5 àkọ́kọ́, ẹ má lu nǹkan kan. Kí ẹni tó dùbúlẹ̀ fa èémí sínú bí ẹ bá ń ka 1 dé 4, kó mí jáde bí ẹ bá ń ka 1 dé 6. Ìgbà mẹ́fà nìyẹn láàárín ìṣẹ́jú kan. Tí èémí bá fẹ́ há a láyà, kó fi í sílẹ̀, kó máa mí bó ṣe máa ń mí.

5. Ẹ wá lù ú. Lẹ́ẹ̀kan. Ẹ dúró.

Ibí yìí ni gbogbo ènìyàn ti ń kùnà, èmi náà sì kùnà. A rò pé tí abọ́ bá dákẹ́, iṣẹ́ ti dúró, la bá ń lù ú lemọ́lemọ́ bí aláago ilé-ìwé. Ẹ jẹ́ kí ìró náà rìn títí tí ẹ ò fi mọ̀ mọ́ bóyá ẹ ṣì ń gbọ́ ọ tàbí ẹ kàn ń rántí rẹ̀. Ẹ mí lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìgbà yẹn ni kí ẹ tó tún un lù. Lọ́nà yìí, ìṣẹ́jú 10 ò ní gbà ju ìgbà mẹ́wàá lọ. Ọwọ́ yín ni kó rọ̀: ẹ jẹ́ kí kọ̀ǹgọ́ kan ẹ̀gbẹ́ abọ́ kó sì tọ padà fúnra rẹ̀, bí ẹni kan ilẹ̀kùn yàrá tí ọmọ ń sùn sí. Ẹ máa wo ojú ẹni tó dùbúlẹ̀. Tí ìpéǹpéjú rẹ̀ bá fò nígbà tẹ́ ẹ lù ú, ó ti le jù.

6. Ìṣẹ́jú 10 tó tẹ̀ lé e, ẹ yí kọ̀ǹgọ́ ká ẹnu abọ́. Ẹ rọra lù ú kó kọ́kọ́ jí, ẹ wá na kọ̀ǹgọ́ náà sókè gbọnrangandan, ẹ fi í ti ẹnu abọ́ lóde, ẹ máa yí i lọ bí ẹni ń ro àmàlà nínú ìkòkò kékeré, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀. Apá ló ń yí, kì í ṣe ọrùn ọwọ́. Tó bá ń ṣe gbàgàgbàgà, ẹ ń yára jù tàbí ẹ ò tẹ̀ ẹ́ tó. Ẹ kọ́kọ́ fi omi dánra wò: ẹ bu omi sí i dé ìdajì, ẹ máa yí i, nígbà tí ìró rẹ̀ bá ti ròkè, ojú omi á bẹ̀rẹ̀ sí í wárìrì, ẹ̀kán omi á máa ta sókè. Denis Terwagne àti John Bush ṣe odindi ìwádìí lé e lórí ní 2011. Àwọn ọmọ mi kì í jẹ́ kí n gbé e kúrò nílẹ̀ tí wọ́n bá ti rí i.

7. Ẹ padà sí lílù ẹyọ kọ̀ọ̀kan fún ìṣẹ́jú 5, kó máa rẹlẹ̀ sí i, kó máa jìnnà síra. Lẹ́yìn rẹ̀, ìṣẹ́jú 10 ìdákẹ́jẹ́. Ẹ má gé e kúrú. Màmá mi tí wọ́n ń bú mi níjọ́sí, ọ̀sẹ̀ kejì ni wọ́n ní kí n “lu agogo yẹn” fún àwọn náà, torí oorun ò kùn wọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti kúrò nílé. Níbi ìdákẹ́jẹ́ yìí ni wọ́n sùn lọ, mo sì fi wọ́n sílẹ̀ títí ó fi pé wákàtí kan.

8. Láti dìde: kó mi ìka ẹsẹ̀, ìka ọwọ́, kó yí sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, kó dúró síbẹ̀ díẹ̀, kó wá fi ọwọ́ ti ara rẹ̀ dìde jókòó. Ẹ fún un lómi. Kó má wa ọkọ̀ títí ojú rẹ̀ fi dá.

Ẹni tó bá dá nìkan wà, kó jókòó fúnra rẹ̀ lu ìṣẹ́jú 25 yẹn, kó gbà á sílẹ̀ sórí fóònù nínú yàrá tó pa rọ́rọ́, kó wá fi í dùbúlẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Bí mo ṣe ń ṣe é nìyẹn lọ́sẹ̀ tí mo bá ń ṣe iṣẹ́ alẹ́, tí gbogbo ilé ti jáde lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ tó mi. Ìgbà tí mò ń ṣe é lójoojúmọ́, ó di ọ̀kan nínú iṣẹ́ ilé, mo sì ń wo aago.

Títọ́jú abọ́ ò le. Aṣọ gbígbẹ ni kí ẹ máa fi nù ún, kí ẹ má jẹ́ kó já bọ́ sórí símẹ́ǹtì. Àwọ̀ rẹ̀ á máa dúdú bí ọdún bá ṣe ń gorí ọdún, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Màmá mi ò gbà. Ó ku ọ̀la kí wọ́n padà sílé, mo ti ibi iṣẹ́ dé, mo bá abọ́ mi lórí tábìlì, ó ń kọ mànà bíi wúrà. Ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyọ̀ ni wọ́n fi bó o.

“Ó wá jọ nǹkan gidi báyìí,” ni wọ́n wí.

Mi ò tíì bọ́ kóòtù tí mo fi mú kọ̀ǹgọ́. Mo lù ú, àwa méjèèjì dúró tì í, mo ń kà lábẹ́nu. Mo ka 64.